Ẹni Tó Ni Tione

Ohun tí Lusungu kọ́kọ́ rí lára Medson ni apá rẹ̀. Apá náà kọ̀, kò tú ọmọ sílẹ̀.

Wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti gbé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí ọmọ náà lára kọ́ sórí irin. Ọkùnrin náà sì dúró gbagidi sí àárín wọ́ọ̀dù, aṣọ iṣẹ́ oko tíì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òjò ti pa á láti òkè dé ilẹ̀, ó gbá ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè.

"Bọ̀dá, ẹ gbé e sílẹ̀ ká lè tọ́jú rẹ̀," ni Lusungu, obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ibẹ̀, wí.

"Tí mo bá gbé e sílẹ̀, òtútù á mú un."

"Ó dáa. Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ gbé e lé itan yín. Ẹ̀yin méjèèjì ni n óò jọ tọ́jú."

Ọkùnrin náà jókòó. Orí itan bàbá rẹ̀ ni Lusungu ti gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, ohun tí dókítà ìbá bínú sí ká ní ó wà nítòsí. Nígbà tó fi di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà tó ti funfun bí ìyẹ̀fun àgbàdo ti ń pọ́n padà. Tione ni orúkọ rẹ̀. Ó la ojú, ó wo Lusungu, ó ní ebi ń pa òun.

Medson bú sẹ́kún, kò sì fi ojú pamọ́. Lusungu ti rí ọ̀pọ̀ bàbá ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn Nakhombe, àwọn tó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò, ṣùgbọ́n kò tíì rí èyí tó sunkún torí pé ọmọ béèrè oúnjẹ. Ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó rò pé àánú ni.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló wà lára Tione. Ìyá rẹ̀ ti kú lọ́jọ́ tó bí i. Ibà tó ń mú ọmọ mìíràn lónìí tí yóò sì fi í sílẹ̀ lọ́la, tó bá mú irú ọmọ báyìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníwádìí fi pàgọ́ sí Nakhombe. Oògùn méjì tó ń lé ibà jìnnà ni wọ́n ń dán wò. Ọ̀kan ti wà látijọ́, wọ́n sì ń fura pé agbára rẹ̀ ti ń dín. Èkejì jẹ́ tuntun, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ṣe méjèèjì ní àwọ̀ kan náà àti ìkorò kan náà. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan ní ìlú Blantyre ló ń pín in fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì kò mọ èyí tí ọmọ ń gbé mì, dókítà kò mọ̀, títí ìwádìí yóò fi parí.

Lusungu jókòó ti Medson, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un pẹ̀lú ohùn àríwá rẹ̀ tí àwọn ará gúúsù fi máa ń ṣe é yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀yin ni bàbá ọmọ?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ gbà kó wà nínú ìwádìí wa? Ẹ lè kọ̀ o. Tí ẹ bá kọ̀, a ó ṣì máa tọ́jú rẹ̀."

Medson wò ó títí. "Èmi lẹ̀ ń bi?"

"Ta ni kí n tún bi?"

Ibí yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ní Rumphi ní àríwá, níbi tí wọ́n ti bí Lusungu, màlúù ni wọ́n ń fi fẹ́ ìyàwó, bàbá ló sì ni ọmọ, ọ̀rọ̀ ti tán. Ní ìsàlẹ̀ òkè Mulanje níbí, ọkùnrin ló ń kó lọ sílé ìyàwó, àwọn ọmọ tó bá bí síbẹ̀ sì jẹ́ ti arákùnrin ìyá wọn. Medson mọ èyí dunjú. Ó yẹ kó wí pé, Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró ná, ọmọ yìí ní ẹni tó ni ín.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Tione, kò sẹ́ni tó bi Medson léèrè ohunkóhun nípa rẹ̀. Wọn kò bi í nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. Wọn kò bi í nígbà tí wọ́n ń fá irun orí rẹ̀. Òun ló ń gbé e ká, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, síbẹ̀ àlejò lásán ló jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wàyí o, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun jókòó níwájú rẹ̀, ó ń retí ìdáhùn rẹ̀ bí ẹni pé ayé wà lẹ́nu rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

"Mo gbà," ló wí.

Oṣooṣù ni wọ́n ń wá. Òfin ìwádìí ni pé nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi oògùn sí ọmọ lẹ́nu, kó sì rí i pé ó wọlé. Tione á máa yí ojú, á máa pa ẹnu dé.

"Ó korò."

"Mo mọ̀. La ẹnu. Bàbá rẹ ń wò ọ́."

"Ẹ fún bàbá mi náà."

"Bàbá rẹ kò ṣàìsàn."

"Ó ń ṣàìsàn," ni Medson dá sí i láti ẹ̀yìn, "ṣùgbọ́n ẹ ò ní oògùn tirẹ̀ níbí."

Àwọn ìyá ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì pariwo ẹ̀rín. Lusungu ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbóná. Lẹ́yìn èyí, tó bá ti fún Tione lóògùn tán, yóò ní kí wọ́n dúró díẹ̀ kóun lè mọ̀ bóyá ọmọ á bì. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé oògùn, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà sísè, Tione á máa lé aláǹgbá kiri.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé gbogbo ará àríwá ló máa ń pàṣẹ báyìí?"

"Àwọn tí ẹ bá fún láyè nìkan ni."

"Mo ti fún yín láyè ná. Ẹ máa pàṣẹ lọ."

Nígbà tó yá, "ẹ" bọ́ lẹ́nu wọn, ó di "o". Lọ́jọ́ kan, Medson sọ pé láti ìgbà tí ìyá Tione ti kú, òun kò mọ̀ pé òun ṣì lè máa retí ọjọ́ kan.

"Ọjọ́ wo?" ni Lusungu bi í.

"Ọjọ́ oògùn."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e pé ìfẹ́ ni ọkùnrin yìí ń sọ. Nígbà tó yé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó èèpo ẹ̀pà tí kò ní jẹ. "Medson," ló wí níkẹyìn, "èmi náà máa ń lọ aṣọ mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà."

Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ayọ̀ tó wà lára wọn lọ́jọ́ yẹn pọ̀ débi pé aláǹgbá gan-an rí i, ó jókòó kalẹ̀, Tione sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un.

Òjò ọdún náà kò tíì parí nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan wọlé sí Nakhombe. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀. Iṣẹ́ ìwakùsà ní Joni, ìlú góòlù tó wà lókèèrè, ló gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó kí gbogbo ènìyàn, ó wá béèrè pé ta ni nínú wọn ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun.

"Ọmọ yín wo, Bàbá?" ni Lusungu wí.

"Tione. Likongwe ni orúkọ mi. Àbúrò mi ló bí i. Èmi ni mo ni ín."

"Bàbá rẹ̀ ti gbà pé ká..."

"Bàbá rẹ̀." Ó rọra sọ ọ́. "Ní ilé tiyín lókè lọ́hùn-ún, tí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan nínú ilé, ṣé àlejò lẹ máa ń bi?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Likongwe kò rẹ́rìn-ín. Lusungu rí i pé ojú ń ti bàbá náà ju bí inú ṣe ń bí i lọ. Gbogbo abúlé ti mọ̀ pé wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ yẹ̀ wò lóṣooṣù, òun tó ni ọmọ ló kẹ́yìn gbọ́, ẹnu àwọn tó ń wọn ewé tíì ló sì ti gbọ́ ọ. Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó lọ. Oṣù tó tẹ̀lé e, Tione kò wá.

Lusungu kò lè sùn dáadáa. Ó mọ ibà tó wà nínú òjò fún ọmọ náà. Ó bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó ró aṣọ bíi gbogbo obìnrin, ó fẹsẹ̀ rìn dé abúlé, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé Likongwe. Ó sọ ohun gbogbo tó ti sọ fún Medson, bí ẹni tí ń sọ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní òun ṣẹ̀, òun kò mọ̀ ni.

Bàbá náà gbọ́ ọ dópin. Nínú ilé yẹn, bí Tione ṣe ń pè é ni gbogbo wọn ń pè é: Malume, ìyẹn arákùnrin ìyá.

"Ká ní ẹ wá jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yìí lákọ̀ọ́kọ́," ló wí, "ǹ bá ti gbà kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu yín. Ta ni kò fẹ́ kí ọmọ òun yè? Yóò padà wá lọ́la."

Lusungu dúpẹ́ títí.

"Ẹ má tíì dìde, ọ̀rọ̀ kejì wà. Mo gbọ́ nípa ẹ̀yin àti Medson. Èmi ò bínú, ènìyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àbúrò mi kú ló yẹ ká ti tú u sílẹ̀ kó máa lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀ wá nítorí ọmọ, a gbà. Tó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó, ó gbọ́dọ̀ lọ, ọmọ kò sì lè bá a lọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi yìí. Ẹ wo ìyá mi níbẹ̀ yẹn, kò ríran mọ́. Bí òjò bá dé, ọkọ̀ kì í wọ ibí. Ta ló máa pọn ọ́n wá gba oògùn yín?"

Lusungu wo ẹsẹ̀ náà, ó wo ìyá náà. Kò sí ìkà kankan nínú ohùn bàbá náà, ohun tó sì dùn ún jù nìyẹn. Ká ní ó rí ìkà, ìbá mọ ẹni tí yóò bínú sí.

Nígbà tó pe bàbá tirẹ̀ lórí fóònù, ohun tó gbọ́ kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ọkùnrin tó ń gbé nínú ilé ìyàwó tó ti kú? Màlúù mélòó ló ní?"

"Kò ní màlúù, Bàbá."

"Kí ló wá ní?"

"Ó ní ọmọ kan."

"Ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wí fún mi pé ọmọ náà kì í ṣe tirẹ̀."

Abẹ́ igi máńgòrò ni òun àti Medson ti jọ rò ó. Lusungu ní kí Medson gbé ọmọ, kí wọ́n jọ máa lọ sí Rumphi.

"Kí n jí ọmọ gbé?"

"Ọmọ rẹ ni, Medson."

"Ní ilé tiyín ni. Àti òtútù òkè yín ńkọ́? Ìwọ lo sọ fún mi pé òtútù máa ń fọ́ ọ léegun."

Òótọ́ ni, Lusungu ló sọ ọ́. Medson nu omi ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́ tó le bí igi nítorí ewé tíì.

"Àyànfẹ́ mi, jẹ́ ká dúró. Ìwádìí yín á parí lẹ́yìn òjò tó ń bọ̀. Nígbà náà, Tione á ti mọ̀ ọ́n rìn dé ibí fúnra rẹ̀, oògùn yín á ti mú un lágbára. Mi ò lè fi í sílẹ̀ nísinsìnyí kí n sì máa jẹun lọ́dọ̀ rẹ. Oúnjẹ náà ò ní wọlé."

"Mo mọ̀," ni Lusungu wí. "Ká ní o lè ṣe é ni, ǹ bá má fẹ́ràn rẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dúró. Medson ń pọn Tione wá, oṣù wọlé, oṣù jáde. Nígbà tí ọ̀nà bá di ẹrẹ̀, á sọ bàtà kọ́ ọrùn, á fẹsẹ̀ lásán rìn. Wọ́n ń kí ara wọn bí àlejò nítorí ojú ayé. Lusungu á fi oògùn sí ọmọ lẹ́nu, á wò ó títí yóò fi gbé e mì, á sì máa rò ó lọ́kàn pé hóró oògùn yìí ni ìfẹ́ òun wà nínú rẹ̀. Ó ń gbàdúrà lé e lórí kó tó ṣí i.

Òjò kejì burú. Lọ́jọ́ kan ibà mú Tione láàárọ̀. Medson gbé e, ó sáré, ṣùgbọ́n odò ti kún bo afárá, ó sì ní láti dúró létí omi títí odò fi fà. Nígbà tó wọ wọ́ọ̀dù, Lusungu wo àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, ó sì mọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ kọ́, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Orí itan bàbá rẹ̀ ló kú sí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ní kí Medson gbé e sílẹ̀.

Malume ló sin ọmọ rẹ̀. Medson dúró láàrin àwọn àna, ó ń wo ilẹ̀. Lusungu jókòó láàrin àwọn obìnrin, ó bá wọn kọrin. Kò lè lọ di Medson mú. Kì í ṣe aya rẹ̀, àwọn ìyá tó ń sunkún nílé náà sì ń wo ojú rẹ̀.

Ìwádìí parí nígbà tí òjò dáwọ́ dúró. Dókítà kó àwọn òbí jọ, ó sọ fún wọn pé oògùn tuntun ló borí, ó sì borí dáadáa: àwọn ọmọ tó lò ó kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ibà. Láti ìsinsìnyí, òun ni gbogbo ọmọ á máa lò. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, dókítà pe Lusungu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ fún un ohun tí àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ lò lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ti àtijọ́ ni Tione lò, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ ìkẹyìn. Lusungu jáde lọ sẹ́yìn ilé oògùn, ó sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, Malume dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"A ti tú Medson sílẹ̀," ló wí. "Ọmọ tó so ó mọ́ wa ti lọ. Kò ní ẹnikẹ́ni tó lè rán sílé yín, ìyá rẹ̀ ti darúgbó. Èmi ni n óò lọ."

"Lọ síbo, Bàbá?"

"Rumphi. Lọ́dọ̀ bàbá yín. Èmi ni n óò ṣe agbẹnusọ rẹ̀. Mo ti ra adìẹ tí a fi ń béèrè ìyàwó. Medson ti gbà kí n lọ." Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èmi ni mo mú kí ẹ dúró. Mi ò lè jókòó sílé kí n máa wò yín."

Lusungu kúnlẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún kò jẹ́ kó sọ ọ́. Bàbá náà rò pé ayọ̀ ni, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì lọ wọ ọkọ̀ àríwá.

Ọjọ́ kejì ni Medson wá. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ó fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú níṣojú gbogbo ènìyàn, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn wí mọ́.

"Mo gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń wọn tíì pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èwo ni Tione lò?"

Ó lè sọ pé tuntun ni. Ta ni yóò já a nírọ́? Medson kò ní lọ bi dókítà. Tó bá sọ pé tuntun ni, ikú ọmọ náà á di ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti odò, wọ́n á ṣe ìgbéyàwó, wọ́n á bímọ. Adìẹ ti wà lọ́nà. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan bi Medson léèrè, kí òun náà sì lè béèrè, ni ẹ̀tọ́ kan ṣoṣo tó ní rí lórí ọmọ rẹ̀. Lusungu fúnra rẹ̀ ló fún un. Kò lè gbà á padà.

"Ti àtijọ́ ni," ló wí.

Medson yíjú sí i.

"Ṣé o mọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mo fi ìyá mi búra. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Mo gbà ọ́ gbọ́." Ó wo ọwọ́ tó wà nínú ọwọ́ rẹ̀. "Mo máa ń sọ fún un lójú ọ̀nà pé kó fara dà á, pé nǹkan tó máa mú un yè ni Nọ́ọ̀sì ń fún un. Ọwọ́ yìí lo fi ń fi oògùn sí i lẹ́nu. Mo máa ń wò ó. Mo máa ń sọ pé, ẹ wo ọwọ́ tó ń gba ọmọ mi là."

"Medson, olùfẹ́ mi."

"O kò ṣe ohun tó burú. Mo mọ̀. Èmi ni mo sọ pé mo gbà. Ṣùgbọ́n tí o bá fi ọwọ́ yìí bu oúnjẹ nsima fún mi nínú ilé wa, Lusungu, kí ni n óò máa rí?"

Lusungu náà ti ń rí i. Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ ọ́ ni òun náà kò ti lè wo ọwọ́ náà dáadáa.

Medson gbé ọwọ́ Lusungu sókè, ó fi ẹnu kàn án, ó rọra gbé e lé orí itan rẹ̀ padà bí ohun tó lè fọ́. "O ṣé tí o kò purọ́ fún mi," ló wí. Ó gba àárín oko tíì lọ, ó ń lọ sílé ìyá rẹ̀, kò sì wẹ̀yìn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni fóònù dún. Bàbá Lusungu ni, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, irú ẹ̀rín tí kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

"Lusungu, àlejò rẹ ti dé o. Bàbá náà fi ẹsẹ̀ kan rin gbogbo ọ̀nà yẹn. Ó gbé adìẹ dání. Mo ní ṣé adìẹ ni wọ́n ń fi fẹ́ ọmọ ènìyàn nílé tiwọn ni. Ó ní adìẹ ni ìbéèrè, kí n fún òun láyè lórí ti màlúù. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà fún wa, gbogbo bó ṣe máa ń pọn ọ́n nínú òjò. Ìyá rẹ sunkún. Èmi náà, n ò ní purọ́ fún ọ. Ọkùnrin tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ni mo tún fẹ́? A ti pa adìẹ náà, ọmọ mi, a ti jọ jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣé inú rẹ dùn?"

Lusungu gbé fóònù sí etí kejì.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí bàbá náà sinmi dáadáa kó tó máa padà bọ̀. Ọ̀nà jìn."